Ìbọ̀wọ́ Sọ́ńdè Arówólò àti Ìlà Mẹ́ta tí O Ní Kí N Kọ

Ilé bàbá àgbà,
Ọ̀wọ̀.
Ọjọ́ Sátidé, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá.

Rónkẹ́ ọmọ mi, ọmọ tí mo bí tó tún ń kọ́ mi bí a ṣe ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀,

Ṣé ara le? Ṣé òtútù ibẹ̀ kò tíì máa gé ọ létí? Ìyá rẹ ní kí n kí ọ kí n tó sọ ohunkóhun, pé tí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́, n kò ní rántí ìkíni mọ́. Mo ti bá wọn kí ọ. Wọ́n ní ṣé ò ń jẹun, wọ́n sì ní kí n má gba "bẹ́ẹ̀ ni" lásán lẹ́nu rẹ, kí n béèrè ohun tí o jẹ.

A gbọ́ ìròyìn iṣẹ́ tuntun, inú wa dùn dé ibi tó yẹ kó dùn dé. Mo ti sọ ọ́ káàkiri. Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo ṣàlàyé fún àwọn àgbà ìjọ pé ọmọ mi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń lu gbàǹjo ohun àtijọ́ àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò, bí ìbọ̀wọ́, ṣòkòtò, bẹ́líìtì, fọ́tò àti pósítà, tí àwọn tó lò wọ́n ti fọwọ́ ara wọn kọ orúkọ sí. Wọ́n ní, "Ẹ gbà wá o! Ṣé àwọn èèyàn ń ra ṣòkòtò tí ẹlòmíràn ti làágùn sí?" Mo ní wọ́n ń rà á, wọ́n tún ń fi gíláàsì bò ó. Alàgbà kan ní, "Ẹ bá mi bi Rónkẹ́ bóyá wọ́n á ra tèmi. Òógùn tó wà lára rẹ̀ tó ogójì ọdún." A rẹ́rìn-ín títí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, ẹ̀rín tán lẹ́nu mi, nítorí ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù ṣì wà níbẹ̀. O ní kí n fi ìbọ̀wọ́ bàbá àgbà ránṣẹ́, èyí tí orúkọ Sọ́ńdè Arówólò wà lára rẹ̀. O ní kí n kọ ìwé kékeré kan tẹ̀ lé e, pé Sọ́ńdè fúnra rẹ̀ ló fọwọ́ sí i, pé ojú bàbá mi ló ṣe. Ọ̀gá rẹ ti rí fọ́tò rẹ̀, ó sì ti fẹ́ràn rẹ̀. Òun ni yóò jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí wàá gbé síta lórúkọ ara rẹ, oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi ń dán ọ wò sì ń parí lọ. O ní, "Dádì, ìlà mẹ́ta péré ni."

Ọmọ mi, ó ti di ọjọ́ mẹ́sàn-án tí mo ti ń kọ ìlà mẹ́ta náà. Mo kọ ọ́ láàárọ̀, mo fà á ya lọ́sàn-án. Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí n jókòó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí n kọ gbogbo rẹ̀ fún ọ, èyí tó yé mi àti èyí tí kò yé mi, kí n fi ìmọ̀ràn tí mo ní sí àárín wọn. Mo ń kọ ọ́ ní Yorùbá, kì í ṣe nítorí pé o ní kí n máa fi dánra wò nìkan. Ní Yorùbá ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá bá mi, n kò sì fẹ́ sá fún un lẹ́ẹ̀kejì.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí Sọ́ńdè, nítorí o kò mọ̀ ọ́n. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ Ute, ìlú kan tí kò jìnnà sí wa níbí, ni, àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá rẹ̀. Ó ti oko bọ́ sí ìdí ẹ̀ṣẹ́, wọ́n sì ń pè é ní Òkúta Ute. Akọ̀wé ìjọba ni bàbá mi l'Ọ̀wọ̀ níbí. Àwọn ni wọ́n máa ń bá Sọ́ńdè, tí kò mọ̀ ju orúkọ rẹ̀ kọ lọ, ka lẹ́tà tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá, tí wọ́n sì ń bá a dá èsì padà. Lọ́jọ́ ìjà, àwọn náà ni wọ́n máa ń bá a di aṣọ mọ́ ọwọ́. Nígbà tí Sọ́ńdè fi ẹ̀ṣẹ́ sílẹ̀, ó fún wọn ní ìbọ̀wọ́ rẹ̀ méjèèjì, orúkọ rẹ̀ sì wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí mo ṣe gbọ́ ọ láti kékeré nìyẹn.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ kò le: má fọ ohun àtijọ́, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ kó o wá bá yín fọ̀ ọ́. Nígbà tí èmi àti ìyá rẹ padà wá sílé ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mo rí ìbọ̀wọ́ kan tó kù nínú àpótí bàbá mi. Funfun tó máa ń hu sára awọ lásìkò òjò ti bò ó. O mọ ilé wa. Ní Ọ̀wọ̀ níbí, àlejò kì í wọlé bá ìdọ̀tí. Mo gbé omi, mo gbé ọṣẹ, mo fọ̀ ọ́, mo sá a, mo tún fi pólíìṣì bàtà kùn ún. Ìyá rẹ ní, "Ẹ wò ó bó ṣe ń dán!" Inú mi dùn bí ẹni tó kọ́ ilé. Àṣé àbàwọ́n kan tó wà níbi àtàǹpàkò rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni, ẹ̀jẹ̀ ìjà tí Sọ́ńdè jà kẹ́yìn. Màmá Upenmen, àbúrò bàbá mi obìnrin, ló sọ fún mi nígbà tí ẹ̀pa kò bóró mọ́. Orúkọ nìkan ni mo yọ sílẹ̀ nítorí pé mo ń bẹ̀rù rẹ̀. Tí ọ̀gá rẹ bá bi ọ́ ìdí tí awọ náà fi ń dán jù, sọ fún un pé bàbá rẹ ló ṣe é. Kí o sì kọ́gbọ́n: ìdọ̀tí tí o rí lára ohun àtijọ́ lè jẹ́ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí kò lè parọ́. Fi aṣọ gbígbẹ gbá eruku orí rẹ̀ wẹ́rẹ́, kí o fi í sílẹ̀.

Èkejì, wo kálámù kí o tó wo orúkọ. Èyí kì í ṣe ọgbọ́n mi. Bàbá òyìnbó kan tó ń jẹ́ Hárì ló kọ́ mi, n ó sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láìpẹ́. Tí wọ́n bá gbé ìbọ̀wọ́ wá bá ọ, má jẹ́ kí orúkọ ńlá fọ́ ọ lójú. Bi ara rẹ pé: ohun tí wọ́n fi kọ ọ́ yìí, ṣé ó ti wà láyé nígbà tí ẹni yìí ń jà? Máákà tó nípọn, tó ń dán lórí awọ, kò sí lọ́wọ́ àwọn ará àtijọ́. Lẹ́yìn náà, gbé awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, kí o wo ibi tí kálámù ti gba orí ojú rírán kọjá. Ọwọ́ èèyàn máa ń fò níbẹ̀, yíǹkì a sì ya sí ẹ̀gbẹ́. Tí ó bá lọ geere bí ẹni pé kò sí òkè kò sí kòtò, fura. Tí o bá rí ogún fọ́tò tí orúkọ ara wọn bá ara mu délẹ̀délẹ̀, ẹ̀rọ ló kọ wọ́n. Ẹni tó wà láàyè kì í kọ orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó rí bákan náà. Èmi gan-an, ìfọwọ́sí mi ní báǹkì kò tíì bá èyí tí wọ́n ní lọ́wọ́ mu rí.

Ẹ̀kẹta… n kò mọ̀ bóyá ẹ̀kẹta ni tàbí kó ṣì jẹ́ ara èkejì. Ó ti ń dà rú mọ́ mi lọ́wọ́. Jẹ́ kí n ṣáà sọ ìtàn náà.

O mọ̀ pé ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí wọ́n fi mí ránṣẹ́ sí àbúrò ìyá mi nílùú Òyìnbó. Lọ́jọ́ tí mò ń lọ, bàbá mi mú ọ̀kan nínú ìbọ̀wọ́ méjèèjì, wọ́n tì í bọnú àpò mi, wọ́n ní, "Tìrẹ nìyí." Wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Rónkẹ́, rántí èyí: wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kò sọ ẹni tó kọ orúkọ ara rẹ̀, èmi náà kò béèrè.

Mo pé ogún ọdún, mo ń lọ sí yunifásítì, ojú mi wà lára kẹ̀kẹ́ kan. Hárì tí mo wí yìí ní kẹ̀kẹ́ náà. Ó ń kó ohun àwọn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò jọ, ilé rẹ̀ kún dé òrùlé. Bó ṣe rí ìbọ̀wọ́ mi ni ojú rẹ̀ tàn. Ó ní òun á fún mi ní kẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n kí n kọ ìwé kan tẹ̀ lé e, kí n sọ ibi tó ti wá. Mo mú bírò. Mo kọ ọ́ pé, "Bàbá mi dúró níbẹ̀, wọ́n sì fi ojú ara wọn rí i nígbà tí Sọ́ńdè Arówólò ń kọ orúkọ rẹ̀." Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Mo kọ ọ́ nítorí pé ó dùn-ún kọ, àti nítorí pé kẹ̀kẹ́ náà ní jíà mẹ́wàá.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, Hárì wá mi wá sí ilé tí mò ń gbé. Ìbọ̀wọ́ wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Ó ti rí ìwé àdéhùn ìjà kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, èyí tí Sọ́ńdè fọwọ́ sí, ìkọ̀wé méjèèjì kò sì bá ara mu rárá.

Ó ní, "Ọmọ, ta ló sọ fún ọ pé bàbá rẹ rí i?"

Mo ní, "Bàbá mi ni."

"Wọ́n fi ẹnu ara wọn sọ bẹ́ẹ̀?"

Mo nawọ́ sí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó wà lára ògiri.

Ó gbé ìbọ̀wọ́ náà lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ìbọ̀wọ́ yìí dára. Ǹ bá ti tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìmọ ẹni tó kọ ọ́. Ìwé rẹ ló bà á jẹ́." Ó ní kí n máa gun kẹ̀kẹ́ náà lọ, pé òun kò ní gbà á padà. Ó yí ẹ̀yìn, ó lọ. Ìyà tí ì bá fi jẹ mí kì bá dùn mí tó kẹ̀kẹ́ tó fi sílẹ̀ yẹn.

Ta ni mo wá bínú sí? Kì í ṣe ara mi. Mo pe bàbá mi. Nígbà náà, ilé ẹlòmíràn ni wọ́n ti ń gba fóònù. Ọmọ ilé náà kan á lọ pe bàbá mi wá, wọ́n á sì dúró láàárín àwọn onílé. Mo pariwo lé wọn lórí. Mo ní onírọ́ ni wọ́n. Mo ní wọ́n kọ orúkọ olórúkọ sára nǹkan, wọ́n fi tan ọmọ wọn jẹ. Mo fi òyìnbó sọ ọ́, nítorí Yorùbá mi kò tó ìbínú mi. Nígbà tí mo dákẹ́, bàbá mi ní, "Mo gbọ́, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?"

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ tó ń kó ìdọ̀tí kọjá, mo ju ìbọ̀wọ́ náà sínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi ku ẹyọ kan, Rónkẹ́. O ti béèrè lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo ní ó sọnù. Kò sọnù.

Yorùbá ní ẹyin lohùn, tó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Mo kọ́ òwe yìí lẹ́yìn tí ẹyin ti fọ́. Nítorí náà, ìmọ̀ràn: bí wọ́n bá gbé ayédèrú wá bá ọ níbi iṣẹ́ yẹn, tí ó sì dá ọ lójú pé ayédèrú ni, má kọ́kọ́ wo ẹni tó gbé e wá bí olè. Bi í léèrè. Gbé àga fún un. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé ohun tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ni wọ́n gbé wá, àwọn náà kò sì mọ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìpè yẹn, lẹ́tà dé láti Ọ̀wọ̀. Ojú ewé mẹ́ta, yíǹkì búlúù, ìkọ̀wé bàbá mi tó dúró ṣánṣán bí ọmọ iléèwé lórí ìlà. Yorùbá ni gbogbo rẹ̀. Mo lè ka "Ọmọ mi ọ̀wọ́n" àti orúkọ wọn nísàlẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án nílùú Òyìnbó ti gba Yorùbá kíkà lójú mi, àárín rẹ̀ ṣókùnkùn sí mi. Mo rò pé èébú ni, mo ká a pọ̀. Mo pàdé ìyá rẹ lẹ́yìn náà, èdè yìí dá ṣáká lẹ́nu wọn, mo sì lè ní kí wọ́n kà á fún mi. Ojú tì mí. Kí ọdún kejì tó yí po, bàbá mi kú. Lẹ́tà náà wà nínú Bíbélì láti ìgbà náà, a jọ ń kó láti ilé dé ilé.

Nígbà tí o ní kí n kọ ìlà mẹ́ta, mo mú un jáde. O mọ̀ pé láti ọdún mẹ́rin tí a ti dé ni mo ti ń kọ́ ìwé kíkà yìí bí ọmọ jẹ́léósinmi. Mo gbé ìwé atúmọ̀-èdè sí ọ̀tún, mo gbé pẹ́ńsù sí òsì. Ohun tí mo bá níbẹ̀ kì í ṣe èébú. N ó da ibi tó kan ọ kọ fún ọ:

"Èmi ni mo kọ orúkọ náà. Lọ́jọ́ náà ọwọ́ Sọ́ńdè wú, kò lè di kálámù mú. Ó ní kí n bá òun kọ ọ́. Mo kọ ọ́, ó sì fọwọ́ kan kálámù, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe ní ọ́fíìsì fún ẹni tí kò lè kọ̀wé. Lójú tèmi, òun ló kọ ọ́. Bí mo bá ṣì ọ́ lọ́nà, má bínú sí mi. Ẹ̀bi mi ni."

Mo ka ibẹ̀ títí ìwé fi rọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo lọ béèrè lọ́wọ́ akọ̀wé àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì, nípa ọ̀rọ̀ ìfọwọ́kan-kálámù yìí. Ó ní òótọ́ ni. Láyé ìgbà náà, tí àgbẹ̀ kan bá wá sí ọ́fíìsì tí kò mọ̀wé, akọ̀wé á kọ orúkọ rẹ̀, àgbẹ̀ á na ìka kan orí kálámù, ó parí. Láti ìgbà náà lọ, kò sí ẹni tó lè ní kì í ṣe òun ló kọ ọ́. Wọ́n ti fi ta ilẹ̀, wọ́n ti fi gba ọmọ síléèwé. Ó ní, "Ọwọ́ akọ̀wé ni, ọ̀rọ̀ olórúkọ ni."

Wàyí o, ọmọ mi, dá mi lóhùn. Ní Ọ̀wọ̀, Sọ́ńdè ló fọwọ́ sí ìbọ̀wọ́ yẹn. Níbi iṣẹ́ rẹ, ayédèrú ni. Ìbọ̀wọ́ kan náà ni. Bàbá mi kì í ṣe olè. Ṣé n kò wá tan ẹni tó bá rà á jẹ tí mo bá ní Sọ́ńdè ló fọwọ́ sí i? Tí mo bá sì ní kì í ṣe Sọ́ńdè, ṣé n kò tún ti pe bàbá mi ní onírọ́ lẹ́ẹ̀kejì?

Mo ṣáà rò pé ó ti yé mi. Mo kọ ìlà mẹ́ta, mo ní bàbá mi ló kọ ọ́, Sọ́ńdè fọwọ́ kan kálámù. Mo fẹ́ fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Upenmen kí n lọ gbọ́ ti Màmá, nítorí àwọn nìkan ló kù nínú àwọn tó wà nílé lọ́jọ́ náà. Mo bá wọn níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́.

"Òyìnbó Ọ̀ghọ̀ ti dé o!" Bí àwọn àgbà ṣe ń pe ìlú wa nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe ń pè mí nìyẹn. "Ṣé o wá bá mi bó ẹ̀gẹ́ ni, àbí o wá ya fọ́tò rẹ̀?"

Mo dọ̀bálẹ̀, mo mú ọ̀bẹ. Mo ní, "Màmá, ta ló kọ orúkọ sára ìbọ̀wọ́ Sọ́ńdè?"

"Ta ni ì bá kọ ọ́? Sọ́ńdè ni! Èmi ni mo gbé omi gbígbóná wá kó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́."

"Ṣé ọwọ́ rẹ̀ kò wú ni?"

"Ó wú. Ọwọ́ ọ̀tún wú bí iṣu. Ọwọ́ òsì ló fi kọ ọ́. Gbogbo wa ń fi í rẹ́rìn-ín pé ó ń kọ̀wé bí adìyẹ tó ń tan ilẹ̀. Ìwọ, rọra bó o, o ti bó ẹran rẹ̀ tán, o fẹ́ fi èèpo ṣe gaàrí."

Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ mi. Tó bá jẹ́ ọwọ́ òsì ni, a jẹ́ pé ìdí tí kò fi bá ìwé àdéhùn Hárì mu nìyẹn, a jẹ́ pé ìbọ̀wọ́ tí mo jù sínú ìdọ̀tí… Ó ti yé ọ. N kò ní kọ ọ́ tán.

Mo ní, "Ṣùgbọ́n bàbá kọ ọ́ sí mi nínú lẹ́tà pé àwọn ni. Wọ́n ní Sọ́ńdè kàn fọwọ́ kan kálámù ni."

Màmá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà wá dúró. "Lẹ́tà wo? Ìgbà wo ni wọ́n kọ ọ́?"

"Lẹ́yìn ìgbà tí mo pè, tí mo pariwo lé wọn lórí."

Wọ́n gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ẹ̀n-ẹ́n. Ìwọ lo pariwo. Ẹ̀gbọ́n mi ò mọ ìjà í jà. Tí ewúrẹ́ wa bá jẹ iṣu aládùúgbò, wọ́n á ní àwọn ni wọ́n gbàgbé ilẹ̀kùn. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, tó wà lẹ́yìn òkun, tó ń bínú. Kí ni wọn ò ní gbà pé àwọn ṣe?"

"Ṣé irọ́ ni wọ́n pa, Màmá?"

"Má fi ẹnu rẹ kan ẹ̀gbọ́n mi! Mo ní wọ́n gbà. Gbígbà yàtọ̀ sí irọ́."

Ṣé ó yàtọ̀, Rónkẹ́? Mo bi ìyá rẹ, wọ́n ní ó yàtọ̀. Mo tún bi wọ́n lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní àwọn kò mọ̀ mọ́.

N kò sì lè gbára lé ọ̀rọ̀ Màmá tán. Ọjọ́ orí ti dé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fi orúkọ bàbá mi pè mí kí n tó kúrò níbẹ̀, wọ́n sì ní kí n kí ẹnìkan tó ti kú. Mo padà délé, mo gbé awò lé orúkọ náà. Láàárọ̀, mo rí lẹ́tà "S" bàbá mi níbẹ̀ kedere, pẹ̀lú ìrù rẹ̀. Lọ́sàn-án, mo rí adìyẹ tó ń tan ilẹ̀. Ojú kan náà, awò kan náà.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú gbogbo rẹ̀ nìyí, òun ni mo sì kà sí pàtàkì jù fún iṣẹ́ rẹ, ìbáà jẹ́ ẹ̀kẹrin, ìbáà jẹ́ ìkẹwàá. Ìwé àtijọ́ yóò máa tẹ̀ lé ohun tí wọ́n bá gbé wá bá ọ: lẹ́tà, ẹ̀rí, ìbúra. Wàá wo déètì, wàá wo ìkọ̀wé. Ó dára. Ṣùgbọ́n má béèrè ohun tí ẹlẹ́rìí sọ nìkan. Béèrè ta ló ń bínú sí i nígbà tó ń sọ ọ́. Ẹni tó ń tu ẹlòmíràn nínú lè fọwọ́ sí ohunkóhun.

Òmíràn tún wà, kí n má baà gbàgbé: má fi ohun ilé ẹni bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Èmi ni mo yẹ kí n ti sọ èyí fún ọ kí o tó fi fọ́tò han ọ̀gá rẹ. Ojú tí a fi ń wo ohun bàbá ẹni kì í ríran dáadáa. Ṣùgbọ́n o ti fi hàn án ná, mo sì mọ̀ pé oṣù mẹ́ta yẹn ń lé ọ. Mo mọ̀ pé ìlà mẹ́ta tó dán lè mú iṣẹ́ dúró fún ọ. Ìyẹn gan-an ló ń jẹ́ kí n máa fa ìwé ya.

Láàárọ̀ yìí, ìyá rẹ bá mi nídìí tábìlì. Wọ́n ní, "Dádì Rónkẹ́, ẹ kọ èyí tí ẹ mọ̀, kí ẹ fi èyí tí ẹ ò mọ̀ sílẹ̀."

Mo ní èyí tí mo mọ̀ kò pé ìlà kan.

Wọ́n ní, "Ó dáa, ẹ kọ ìlà kan."

Mo ti kọ ọ́. Mẹ́ta náà ló padà jẹ́. Ìwé náà wà nínú páálí pẹ̀lú ìbọ̀wọ́, mo fọwọ́ sí i, déètì wà lórí rẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

"Ìbọ̀wọ́ yìí ti wà nílé bàbá mi kí n tó gbọ́njú.

"Bàbá mi kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ni wọ́n kọ orúkọ ara rẹ̀, tí Sọ́ńdè Arówólò sì fọwọ́ kan kálámù, àbúrò wọn obìnrin ní Sọ́ńdè fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ òsì kọ ọ́, èmi kò sí níbẹ̀.

"Bàbá mi kọ tiwọn lẹ́yìn ìgbà tí mo ti pè wọ́n ní onírọ́ láì kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè, nítorí náà kí ẹni tó bá fẹ́ rà á mọ̀ pé ó lè jẹ́ pé wọ́n gbà á torí kí n lè dákẹ́."

Gbé e fún ọ̀gá rẹ bó ṣe wà. Tó bá gbà á, tó lù ú ní gbàǹjo pẹ̀lú ìwé yìí, ó dára, kí ẹni tó rà á máa bá wa rò ó. Tó bá ní ìlà kìíní àti ìkejì dára, ṣùgbọ́n kí o yọ ìkẹta kúrò nítorí kò dùn-ún gbọ́ létí oníbàárà, má bá a jiyàn, má pariwo. Yọ ìbọ̀wọ́ náà kúrò lórí tábìlì rẹ̀, kí o dì í padà. Tí iṣẹ́ bá bá a lọ, jẹ́ kó lọ. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí mo kọ ìwé tí kò rí bẹ́ẹ̀ nítorí kẹ̀kẹ́. Ìwọ ti jù mí lọ.

Rónkẹ́, n kò mọ ẹni tó kọ orúkọ yẹn. Ó ṣeé ṣe kí n má mọ̀ ọ́n títí n ó fi lọ bá àwọn tó mọ̀ ọ́n. Nígbà míì mo máa ń fẹ́ kó jẹ́ bàbá mi, kí lẹ́tà wọn lè jẹ́ òótọ́. Nígbà míì mo máa ń fẹ́ kó jẹ́ Sọ́ńdè, kí n lè mọ bí wọ́n ṣe fẹ́ràn mi tó. Èmi pẹ̀lú ìyá rẹ ń gbàdúrà fún ọ. Jẹun kí o tó lọ bá ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀.

Èmi ni,
bàbá rẹ, tí kò sí níbẹ̀.